Káfíńtà àti Ilẹ̀kùn Akọ Màlúù

Bí ẹ bá fẹ́ dá ilẹ̀kùn tí Káfíńtà ṣe mọ̀, ẹ fi ìka kan ṣoṣo tì í. Á lọ jẹ́ẹ́, á kan férémù, á dún kúk, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò ní han, kò ní há, kò sì ní rọra ṣí padà lẹ́yìn yín bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Kò sí ilé kan ní òpópónà wa tí kò ní ó kéré tán ọ̀kan nínú irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìkángun òpópónà ní mẹ́rìnlá. Ọkùnrin náà ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba bíi pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Tó bá wọ yàrá èèyàn, kó tó kí onílé, á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo híńjì.

Àmọ́ ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ń bá Káfíńtà ṣe agídí láyé yìí ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ ara rẹ̀.

Akọ Màlúù ni a ń pe ọkọ̀ náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, imú rẹ̀ sì gùn débi pé tó bá yọ ní kọ́nà, ẹ ó ti kí imú náà tán kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó ń wà á. Ẹ́ńjìnnì onípístínì mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀; tí Káfíńtà bá ṣáná sí i láàárọ̀, abọ́ á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé kejì. Ìgbà tó wà lápọ́n ló rà á. Inú rẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà, inú rẹ̀ náà ni wọ́n fi gbé àwọn ìbejì wọn wálé láti ọsibítù. Àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Akọ Màlúù ò lọ síbì kankan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní egungun tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin méjì ló wà lábẹ́ imú tó gbé ẹ́ńjìnnì, irin méjì míì wà lábẹ́ ìdí tó gbé táyà ẹ̀yìn. Ohun tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn kò ju páánù pẹlẹbẹ tí èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ́ńjìnnì á fà, páánù á lọ́. Ẹ wá fi ogójì ọdún lọ́ páánù bí ẹni ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn á tì.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń jókòó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í há, ohun tí káfíńtà ń ṣe sí ilẹ̀kùn tó bá há náà ló ṣe: ó fá a. Nítorí pé irin ni, fáìlì tó fi ń pọ́n ayùn ló mú. Ó há lókè, ó fá òkè. Ó há nísàlẹ̀, ó fá ìsàlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ń fá a díẹ̀díẹ̀, títí aláǹgbá fi lè gba àlàfo ilẹ̀kùn náà kọjá láì tẹ orí ba. Kò há mọ́ lóòótọ́. Ó wá kù kó máa ṣí fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ló ṣí. Ìyàwó Káfíńtà, Ìyá Ìbejì, ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn yẹn. Obìnrin tó tóbi lára tó sì tóbi lọ́rọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kì í pariwo. Ọkọ rẹ̀ ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n yà ní kọ́nà, Akọ Màlúù lọ́ ara bí ìṣe rẹ̀, ilẹ̀kùn là gbayawu, Ìyá Ìbejì sì yọ síta dé ìgbáròkó. Bẹ́líìtì nìkan ló dì í mú. Bó ṣe rọ̀ síta báyìí, ojú rẹ̀ ko ojú ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ẹ káàárọ̀, nọ́ọ̀sì," ni ọkùnrin náà wí. Ìyá Ìbejì ló gún un lábẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ojú abẹ́rẹ́ yẹn ò ro yín mọ́?"

"Ó ti lọlẹ̀, mà."

"Ẹ rí i pé ẹ lo oògùn yẹn tán."

Ìgbà yẹn ni Káfíńtà tó rí bíréèkì tẹ̀. Ìyá Ìbejì tú bẹ́líìtì, ó tún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó dé lálẹ́, ó fa àga kan fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó."

Káfíńtà jókòó. Ó mọ ohùn náà. Ohùn tí ìyàwó rẹ̀ fi ń sọ fún aláìsàn pé kò ní dùn ún ni.

"Ọjọ́ mélòó la wà nínú oṣù?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án."

"Ó dáa. Ọdún mẹ́ta ni Oníbúrẹ́dì ti ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ta ọkọ̀ yẹn fún òun. Tí oṣù yìí bá parí tí ilẹ̀kùn yẹn ò dúró, kó wá gbé e. Títí ilẹ̀kùn yẹn á fi dúró, mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì búra, wọn ò ní kan inú ọkọ̀ yẹn."

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Ta ló ń fi ẹsẹ̀ búra?"

"Ẹni tó máa fi í rìn dé ibi iṣẹ́ ni."

Ní ọjọ́ kejì, Káfíńtà ti jáàkì bọ abẹ́ Akọ Màlúù, ó fi gbé igun kan sókè. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń wo ẹnu ilẹ̀kùn. Bí jáàkì ṣe ń gòkè ni àlàfo òkè ń fẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ń pa dé. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Ojú tì í débi pé ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń wo òun. Láti ọdún márùndínlógójì tó ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ fún gbogbo oníbàárà tó bá wá ṣẹjọ́: "Ilẹ̀kùn kì í ṣẹ̀, férémù ló ń ṣẹ̀." Ọdún mẹ́ta ló wá fi ń fá aláìṣẹ̀.

Ó dìde, ó wẹ ọwọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Onípáàtì.

Onípáàtì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́. Irin rọ̀ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ahọ́n rẹ̀ sì dùn ju ti ẹni tó ń ta oyin lọ. Ó tẹ́tí sí Káfíńtà tán, ó mi orí bíi dókítà, ó wá mú ìwé kan jáde tó kún fún àwòrán.

"Bàbá, egungun ẹ̀yìn ló ń yọ ọkọ̀ yín lẹ́nu. Mo ní oògùn ẹ̀ lóríṣi mẹ́rin. Ẹ wo ìkínní." Ó fi ìka lé ọ̀pá kan tó ń dán bíi dígí. "Èyí á gba orí ẹ́ńjìnnì kọjá, á so èjìká òsì mọ́ èjìká ọ̀tún. Ẹ ṣáà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí èèyàn pọ̀ sí, wọ́n á pàtẹ́wọ́."

"Ṣé ilẹ̀kùn á tì?"

"Bàbá, ẹni tó bá rí irú ọ̀pá yìí, ṣé ilẹ̀kùn lá máa wò?"

"Ìyàwó mi á wò ó."

Onípáàtì ṣí ìwé síwájú. Oríṣi kejì ni irin gígùn méjì tó máa gba abẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, láti so irin iwájú mọ́ irin ẹ̀yìn. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń dè é. Wákàtí méjì, iṣẹ́ ti tán. Oríṣi kẹta jọ ìkejì, àmọ́ jíjó ni wọ́n ń jó o mọ́ ara ọkọ̀, ó sì ní apá kéékèèké tó nà wọ abẹ́ ìjókòó. Ìgbà tó dé ìkẹrin ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ àṣírí.

"Èyí làgọ́ irin. Inú ọkọ̀ ló ń wà. Òun làwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń lò. Ọkọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ jáde, ẹ gbọn aṣọ yín, ẹ ń lọ."

Káfíńtà gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. Irin kan dábùú ẹnu ilẹ̀kùn, ó ga tó ìbàdí.

"Ibo lèèyàn ń gbà wọlé?"

"Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n á fi ọwọ́ di òkè mú, wọ́n á wá yọ́ ara wọlé bí ẹni ń gba ojú fèrèsé."

Káfíńtà ń ro bí Ìyá Ìbejì ṣe máa gba ibẹ̀ wọlé nínú aṣọ iṣẹ́ funfun, ní iwájú ilé ìwòsàn, kí àwọn aláìsàn sì tò sí fèrèsé máa wò ó.

"Ọmọ mi," ó wí nígbà tó yá, "ṣé o ti níyàwó?"

"Rárá o, bàbá."

"Ó hàn."

Ó yá ìwé náà lọ sílé. Kò lè gba irin gbọ́ nítorí pé ẹnì kan ròyìn rẹ̀ fún un. Igi lèdè tó gbọ́. Nítorí náà ó palẹ̀ tábìlì ìjẹun mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe Akọ Màlúù kékeré tí kò gùn ju apá lọ. Igi méjì fún imú, igi méjì fún ìdí, páálí fún ilẹ̀ tó wà láàárín. Ó gbé ilẹ̀kùn sí i, ó fi híńjì àpótí góòlù dè é. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni tọkọtaya náà fi ń jẹun lórí itan.

Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di i mú, ó lọ́ ọ bí kọ́nà ṣe ń lọ́ ọkọ̀. Ilẹ̀kùn là gbayawu. Inú rẹ̀ dùn. Iṣẹ́ náà jọ ti òótọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán oògùn Onípáàtì wò. Ó fi igi kan dábùú orí imú: imú dúró gírí, ilẹ̀kùn ṣí. Ó yọ ọ́, ó fi igi gígùn méjì sí abẹ́, ó fi ìṣó wẹ́ẹ́rẹ́ kàn án bí ẹni fi bóòtù dè é: ilẹ̀kùn dúró. Àmọ́ Káfíńtà kì í gba ìṣó gbọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó jókòó, ó ń lọ́ ọ, ó ń kà á. Nígbà tó fi dé ọgọ́rùn-ún, ojú ìṣó ti jẹ, igi ti ń mì, ilẹ̀kùn tún ń yọjú. Ó tú gbogbo rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó sì fi apá kéékèèké kún un lábẹ́ ìjókòó. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, ó lọ́ ọ títí ọrùn ọwọ́ ń dùn ún. Ilẹ̀kùn ò mira.

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìka tó kéré jù ṣí i, ó ń tì í. Kúk. Kúk. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ṣe bá a nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ọkọ̀ nìyẹn?"

"Òun ni."

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀. "Èmi dà?"

Káfíńtà náà wò ó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ lóòótọ́. Ó nawọ́ mú ike iyọ̀, ó gbé e sí ìjókòó. "Ìwọ rèé."

Ìyàwó rẹ̀ mú ike náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo fúyẹ́ tó?"

Káfíńtà wá ìdáhùn tí kò ní da ilé rú. "Àpẹẹrẹ ni," ó wí.

Ìyá Ìbejì gbé ike iyọ̀ padà, ó fi ike ata lé e lórí, ó sì wọ kíṣíìnì lọ. Káfíńtà nawọ́ láti ti ilẹ̀kùn. Kò dún kúk. Ó fara ha nísàlẹ̀. Ó gbé ike méjèèjì kúrò: kúk. Ó dá wọn padà: ó ha.

Ó gbá orí ara rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn bíríkìlà ni pé a kì í gbé ilẹ̀kùn sí ilé tí òrùlé ò tíì gorí rẹ̀. Bí ẹrù òrùlé bá dé, ògiri á jókòó, ilẹ̀kùn tó ń lọ jẹ́ẹ́ lánàá á di oníjà. Ẹrù ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Òrùlé Akọ Màlúù ni àwọn tó ń jókòó sínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá ìwé Onípáàtì padà, ó ní kó di ìkẹta fún òun, kó sì fi ìkínní kún un nítorí imú.

"Ẹ ò mú àgọ́ irin, bàbá?"

"Ìyàwó mi kì í gba ojú fèrèsé wọlé."

Ó kun ọ̀pá tó ń dán náà ní dúdú kí ẹnikẹ́ni má bàa pàtẹ́wọ́.

Jórinjórin ló máa jó wọn. Ọkùnrin kúkúrú ni, awò dúdú kì í kúrò níwájú orí rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ti Káfíńtà, wọ́n sì ti ń bá ara wọn jiyàn lórí igi àti irin láti bí ogún ọdún.

"Igi já yín kulẹ̀ lónìí, ọ̀gá," ó wí nígbà tó rí irin lọ́wọ́ Káfíńtà.

"Igi kì í jáni kulẹ̀. Kó tó ṣẹ́, á ké. Irin tó máa ń dákẹ́ títí tí á fi dá ni mo ń bẹ̀rù."

"Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ ẹni tó gbọ́ èdè ẹ̀." Jórinjórin dùbúlẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ òrùlé yẹn mọ́gbọ́n wá. "Ó yẹ ká di ẹrù sí ìjókòó méjèèjì ká tó jó o. Tiyín, ẹ mọ̀ ọ́n. Tìyá ńkọ́? Kílò mélòó ni wọ́n?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ bi wọ́n."

Káfíńtà wò ó tàánú-tàánú. Jórinjórin náà ò tíì níyàwó.

Síbẹ̀ ó bi í. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù ti pé, kò sí ọ̀nà míì. Ó dúró títí ìyàwó rẹ̀ fi jẹun tán.

"Ìyá Ìbejì, kílò mélòó lo wà báyìí?"

Ìyá Ìbejì rọra gbé ife omi kalẹ̀. "Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Jórinjórin."

"Jórinjórin." Ó tún orúkọ náà pè bí ẹni ń tọ́ oògùn kíkan wò. "Ọkùnrin tó ń jó irin lẹ́bàá títì ló rán yín sí mi pé kílò mélòó ni mo wà."

"Torí ilẹ̀kùn ni. Òrùlé gbọ́dọ̀..."

"Mo ti dòrùlé?"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́.

"Ẹ gbọ́, Bàbá Ìbejì. Láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbé èèyàn sórí òṣùwọ̀n. Ṣé ẹ gbọ́ kí n pe ìwọ̀n ẹnikẹ́ni síta rí? Màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá pa ìwé dé. Tèmi náà wà nínú ìwé. Ìwé náà wà ní pípadé."

Bó ṣe di pé wọ́n ń méfò nìyẹn. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Jórinjórin ti yọ táǹkì epo, ó ti tú bátìrì, ó ti ká rọ́ọ̀gì nílẹ̀ ọkọ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lórí pátákó tó nípọn tó sì dọ́gba. Wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì kan àti díẹ̀ sí ìjókòó Káfíńtà. Wọ́n gbé àpò kan àbọ̀ sí ìjókòó kejì, wọ́n sì fi bẹ́líìtì dè é kó má ṣubú. Káfíńtà lọ mú lápísì rẹ̀. Kó tó dé, Jórinjórin ti fi àkísà funfun wé orí àpò náà.

Kò sí ẹni tó kọjá tí kò kí i. "Ẹ kú ìjókòó, mà," ni ọ̀kan ń wí. "Ẹ bá wa wo bébà oògùn yìí, nọ́ọ̀sì," lòmíràn ń wí. Òpópónà wa ò gùn. Kó tó di pé Jórinjórin fi iná kan irin, ìròyìn ti dé ilé ìwòsàn, Ìyá Ìbejì sì ti ń bọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sáré. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín rántí pé àwọn ní ibì kan tí àwọn ń lọ.

Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó wo àpò náà, ó wo àkísà orí rẹ̀.

"Èmi nìyí?"

Ó fi ìka kan ti àpò náà wò.

"Àpò kan àbọ̀."

"Ọ̀gá ní àpò kan ṣoṣo, mà," ni Jórinjórin wí, ó rò pé òun ń tún un ṣe. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi àbọ̀..." Káfíńtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde.

"O ṣeun," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀."

Wọ́n gbé e kúrò.

"Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi wá pátákó kan. Mo ti búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní kan inú ọkọ̀ yìí, mi ò sì fẹ́ kí iná jó mi látìsàlẹ̀."

Káfíńtà sáré wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Pátákó tó gbé jáde jẹ́ èyí tó ti ń tọ́jú pa mọ́ láti ọdún méjì fún ilẹ̀kùn ẹni ńlá kan. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gorí rẹ̀, ó jókòó, ó gbé àpò ọwọ́ lé itan.

Láti abẹ́ ọkọ̀, wọ́n gbọ́ ohùn Jórinjórin: "Ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ o."

"Tó báwo?" ni Ìyá Ìbejì bi í.

Jórinjórin ti ń gbọ́n. "Díẹ̀ báyìí, mà. Díẹ̀ tí kò tó nǹkan."

Ìyá Ìbejì yíjú sí ìjókòó kejì, níbi tí àpò ọkọ rẹ̀ wà. "Ẹ gbé ìyẹn náà sọ̀ kalẹ̀. Èmi ò fẹ́ àpò sìmẹ́ńtì."

Bẹ́ẹ̀ ni Káfíńtà náà ṣe jókòó. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì kọjú síwájú, imú gígùn yẹn nà sílẹ̀ níwájú wọn, wọn ò sì lọ síbì kankan. Iná ń bú yẹ̀rì lábẹ́ wọn, Jórinjórin ń fi ojú kọ̀ọ̀kan mú irin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

"Lọ́jọ́ tá a gbé àwọn ìbejì wálé," ni Ìyá Ìbejì wí, "bí ẹni gbé ẹyin lẹ ṣe wà á. Kẹ̀kẹ́ ń yà wá sílẹ̀."

"Ilẹ̀kùn ṣì ń tì nígbà yẹn."

"Ó ń tì." Ó tẹ àpò ọwọ́ mọ́ itan. "Ẹ sọ fún ọmọ yẹn kó fi awò dúdú bojú. Mi ò fẹ́ rí ojú ẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa."

Nígbà tí gbogbo ojú ibẹ̀ ti mú, Ìyá Ìbejì padà síbi iṣẹ́. Jórinjórin parí iṣẹ́ abẹ́, ó so ọ̀pá dúdú mọ́ orí ẹ́ńjìnnì, ó sì jó irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí ilẹ̀kùn láti dá ohun tí fáìlì ti jẹ padà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, tọkọtaya náà tún jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì lórí pátákó, Jórinjórin ń gbé ilẹ̀kùn, Káfíńtà ń fi lápísì sàmì láti inú, ó ń sọ fún un ibi tó yẹ kó lọ̀. Nígbà tó yá, Ìyá Ìbejì na ìka kan, ó tì í.

Kúk.

Wọ́n wà á lọ sílé. Ní kọ́nà, Káfíńtà rọra tẹ iná sí i. Akọ Màlúù yà gbọnrangandan, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró dáadáa níwájú tíṣà. Ilẹ̀kùn ò mira. Ní ẹnu ọ̀nà ilé, Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé lọ. Káfíńtà ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀, kò lọ; àfi ìgbà tó fi èjìká sí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ilẹ̀kùn tuntun ni, ara rẹ̀ á rọ̀.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ tán, Oníbúrẹ́dì ti dé. Ọkùnrin tó gbẹ bíi búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ó ti gbọ́ nípa àdéhùn náà, gbogbo wa la ti gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí Káfíńtà, ó wọ inú Akọ Màlúù, ó jókòó sí ìjókòó Ìyá Ìbejì, ó sì fa ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ta padà. Ó tún un fà tagbáratagbára. Ó tún ta padà.

"Káfíńtà," ni Oníbúrẹ́dì wí, "ilẹ̀kùn yìí ò mà tíì dúró."

Káfíńtà sún mọ́ ọn. Ó fi ojú tọ àlàfo náà láti òkè dé ìsàlẹ̀; òkè ń kan férémù, ìsàlẹ̀ là sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, èjìká rẹ̀ ò dọ́gba mọ́. Ọdún márùndínlógójì, ilẹ̀kùn tó ju ẹgbẹ̀rún lọ, èyí tó sì wà fún ìyàwó òun gan-an kọ̀ láti tì. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nínú àpò rẹ̀ láti fi lé Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Ìbejì jáde nínú aṣọ iṣẹ́.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún mi," ó wí fún Oníbúrẹ́dì. "Mo fẹ́ pẹ́ síbi iṣẹ́."

Oníbúrẹ́dì sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ìbejì jókòó. Táyà mí kanlẹ̀ díẹ̀. Ó na ìka kan.

Kúk.

Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí Oníbúrẹ́dì bá jókòó, ó ta padà. Tí Ìyá Ìbejì bá jókòó, kúk. Wọ́n pe Jórinjórin wá láti ẹ̀yìn ògiri. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó dìde, ó gbọn orúnkún.

"Kò sóhun tó ṣe é. Bí àwọn màmá ṣe jókòó la ṣe jó o. Ara wọn ló bá mu." Ó wo Káfíńtà. "Mo lè gé e o, ọ̀gá. Ká tún un jó lófìfo, kí ẹni tó bá wù ú lè jókòó síbẹ̀."

Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń wo títì.

"Mo ní kí ilẹ̀kùn dúró," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ó dúró. Kò sóhun tẹ́ ẹ máa gé."

"Ẹ̀yin nìkan mà ló dúró fún, nọ́ọ̀sì," ni Oníbúrẹ́dì wí.

"Ta ló tún yẹ kó máa jókòó síbẹ̀?"

Oníbúrẹ́dì padà sídìí ààrò rẹ̀. Káfíńtà ṣáná sí Akọ Màlúù, abọ́ gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé kejì, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, Akọ Màlúù kì í kúrò nílé láìsí Ìyá Ìbejì lórí ìjókòó yẹn. Bí Káfíńtà bá fẹ́ lọ ra pákó, á kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ní ilé ìwòsàn pé kó bá òun kálọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbìyànjú láti dá lọ. Ó lọ sí ẹ̀yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé àpò kan àbọ̀ sìmẹ́ńtì yẹn jáde, ó gbé e sí ìjókòó, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ta padà. Ó lọ gbé àbọ̀ míì wá láti fi kún un, kó di méjì géérégé, ó sì na ìka kan.

Kúk.

Káfíńtà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó ń kọjá. Ó gbé àpò náà kúrò ní kíá, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra pákó. Jórinjórin tó yọjú lórí ògiri bi í pé kí ló ń fi sìmẹ́ńtì ṣe nínú ọkọ̀. Káfíńtà ní kò sí. Ìwé náà ṣì wà ní pípadé.